Ó Yọ Kókó Ojú Ara Ẹ̀, Ó Fi Kókó Inú Ìyàwó Ẹ̀ Sílẹ̀

"Mi ò gé e mọ́!"

Ìyá Tíńtín ju sísọ́ọ̀sì sórí tábìlì. Sísọ́ọ̀sì náà balẹ̀ gbàgà sórí awọ àga tí wọ́n ń gé lọ́wọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ikùn ẹ̀ ọ̀tún mú, àfi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

"O ò gé kí ni mọ́?" Ọkọ ẹ̀ jókòó sórí àga tí wọn ò tíì wọ̀ láṣọ. Òwú funfun ńlá kan wà lójú ẹ̀ òsì, wọ́n fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. "Òtẹ́ẹ̀lì ń retí àga, ilẹ̀ kún fún fóòmù, ìwọ wá ń sọ pé o ò gé mọ́. Ta ni kó gé e? Èmi olójú kan yìí?"

"Ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, Bàbá Tíńtín. Mo sọ fún yín lánàá. Mo tún sọ láàárọ̀ yìí. Ó ń lọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi ẹ̀."

"Ìwọ nìkan kọ́ ni nǹkan oṣù ń yọ lẹ́nu láyé yìí."

"Kì í ṣe nǹkan oṣù! Èmi ni mo ni ikùn, ẹ má sọ ikùn mi fún mi!"

"Ṣebí èmi ni mo lọ gba èsì lọ́dọ̀ dókítà? Kókó bí hóró àgbàdo ni wọ́n rí níbẹ̀. Wọ́n ní á yọ́ fúnra ẹ̀. Ó tán."

"Hóró àgbàdo ló ń mú mi làágùn báyìí?"

"Wo ojú mi yìí. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi là á, ọ̀bẹ o! Ṣé o gbọ́ pé mo ké?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ jẹ́ n tètè là á yé yín. Irọ́ ni ọkùnrin yìí ń pa. Kókó inú ìyàwó ẹ̀ kì í ṣe hóró àgbàdo. Ó tó ọsàn ńlá tí ọwọ́ kan ò lè ká tán. Ó mọ̀. Dókítà ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún un, ojú sí ojú. Ó kàn gbé ọ̀rọ̀ náà mì ni.

Àga ni tọkọtaya yìí ń ṣe. Àga tó ti gbó, tí fóòmù ẹ̀ ti rì, tí awọ ẹ̀ ti ya, àwọn ló ń tú u palẹ̀ tí wọ́n á sì wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun. Ọ̀gá Àga ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ. Òun ló ń kan ìṣó, tó ń to igi, tó ń fa awọ títí á fi le gan-an. Ìyàwó ló ń wọn, tó ń gé, tó ń rán. Bí ẹ bá mú ìyàwó kúrò níbẹ̀, ẹni tó ní òòlù lásán ló kù.

Ọmọ kan ni wọ́n bí, ọmọbìnrin tó kéré lára, òun ni wọ́n ń pè ní Tíńtín. Ó ti pẹ́ tí ìyá ẹ̀ ti ń wá àbúrò fún un. Ohun tó sì ń ba obìnrin náà lẹ́rù ni pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí nígbà tó wà lọ́mọge, wọ́n yọ ilé ẹyin ẹ̀ tòsì kúrò. Ọ̀tún nìkan ló kù. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló gbójú lé.

Àìsàn kì í tò lọ́kọ̀ọ̀kan wá. Ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyàwó, ìgbà yẹn náà ni kókó kan yọ lórí ìpéǹpéjú ọkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹnu abẹ́rẹ́, ó dàgbà, ó di bí ẹ̀wà, ó jókòó síbẹ̀ ó ń wo gbogbo ayé.

Gbogbo ayé náà sì ń wò ó padà.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fara kan tiwọn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀gá Àga! Ta ni ayálégbé tó kó dé sórí ìpéǹpéjú yín yìí? Ṣé ẹ ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé?"

"Lọ wá iṣẹ́ ṣe."

"Ó kàn jẹ́ pé ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni. Àlejò tó bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò ní lọ bọ̀rọ̀ o."

Àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá ń pè é ní Olójú Mẹ́ta. Àwọn oníbàárà á máa bá a sọ̀rọ̀, kókó ni wọ́n á máa wò. Ẹni tó bá wọlé á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọ̀gá. Ojú ò ṣe é fi ṣeré o. Ẹ tètè tọ́jú ẹ̀."

Ìyàwó ń kọ́? Ta ló rí ti inú ikùn? Nígbà tó bá tẹ̀ ba tí kò lè nàró, wọ́n á ní, "Mu omi gbígbóná." Ẹrù tó bá wà lórí ẹlòmíràn, bí ìyẹ́ ni lójú wa.

Ìyàwó náà ló fúnra ẹ̀ ní kí àwọn lọ sí ọsìbítù. Wọ́n sì jọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ yà sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ojú, ìyàwó gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú obìnrin.

Dókítà ojú fi igi òwú tẹ ìpéǹpéjú Ọ̀gá Àga, ó yí i padà bí ẹni yí àpò ṣòkòtò síta, ó tan iná sí i.

"Ihò ọ̀rá kan ló dí nínú ìpéǹpéjú yín," ni dókítà sọ. "Ọ̀rá náà ò ríbi jáde, ó wá kó jọ. Kò lè ba ojú yín jẹ́. Ẹ máa rẹ aṣọ tó mọ́ sínú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ máa gbé e lé e, ẹ máa rọra fọwọ́ pa á. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ bẹ́ẹ̀."

"Dókítà, ẹ yọ ọ́ fún mi."

"Kò tíì débẹ̀. Kò sí ìkánjú níbẹ̀."

"Èmi ni mò ń kánjú."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ lo omi gbígbóná ná. Bí ẹ bá padà wá tí ẹ ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó fún yín lọ́jọ́."

Lápá ibi tí ìyàwó wà, ẹ̀rín ò sí. Wọ́n ti ní kó mu omi títí ìtọ̀ fi fẹ́ pa á. Wọ́n fọ́n nǹkan tútù kan sí i nísàlẹ̀ ikùn, obìnrin tó ń ṣe síkáànù wá ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ikùn kiri ibẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀, ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè iṣẹ́. Ìgbà tó dé apá ọ̀tún, ó dákẹ́. Ó tẹ ibẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó pe ẹnìkejì ẹ̀ wá wò ó.

"Ẹ̀yin, kí lẹ rí?" Ìyá Tíńtín bi wọ́n.

"Dókítà ló máa sọ fún yín, mà. Ẹ padà wá, kí ẹ sì mú ọkọ yín dání."

Ó wí fún ọkọ ẹ̀ lọ́nà ilé pé, "Ìdákẹ́jẹ́ obìnrin yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ṣé kó máa kọrin fún ẹ ni?"

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lọ gba èsì ni awọ àga òtẹ́ẹ̀lì dé. Òtẹ́ẹ̀lì tuntun ni, wọ́n fẹ́ ṣí i, gbogbo àga gbọ̀ngàn àti ti yàrá àlejò ni wọ́n kó fún Ọ̀gá Àga. Kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró kó wọn awọ náà, ìyàwó nìkan ló sì mọ̀ ọ́n wọ̀n.

"Ṣebí ẹ kúkú fẹ́ lọ rí oníṣègùn ojú?" ni ìyàwó wí. "Ẹ bá mi yà lọ́dọ̀ dókítà mi. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, Bàbá Tíńtín. Ẹ má gbọ́ ọ ní ààbọ̀. Ẹ mọ̀ pé ọ̀kan ló kù fún mi."

"Mo ti gbọ́."

Obìnrin ni dókítà náà, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ọ̀gá Àga wọlé, ó fi hánkáṣífù bo ojú tó wú, nítorí ó ti sú u kí àwọn èèyàn máa wò ó.

"Ìyàwó yín dà?"

"Iṣẹ́ ló dá a dúró, mà. Ọkọ ẹ̀ ni mí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún mi, òun lẹ sọ fún."

Bóyá ká ní dókítà yẹn ti sọ pé rárá, kó lọ mú ìyàwó ẹ̀ wá, ìtàn yìí ì bá má sí. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀.

"Kókó kan ti dàgbà mọ́ ilé ẹyin ìyàwó yín lápá ọ̀tún," ó ní, ó ká ọwọ́ ẹ̀ kó lè fi bó ṣe tóbi tó hàn án. "Irú ẹ̀ kì í sábà jẹ́ àrùn burúkú. Ṣùgbọ́n ó ti wúwo. Ẹ wò ó, ilé ẹyin dà bí èso tó so rọ̀ sórí igi, ó ní ọrùn tó gbé e dúró. Bó bá wúwo jù, ó lè yí po mọ́ ọrùn ara ẹ̀. Bó bá ti lọ́ báyẹn, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi kọjá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé lára èèyàn, ibẹ̀ á kú."

"Ẹ̀ẹ́n."

"Ìrora tó ń wá tó ń lọ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ń gbìyànjú àtilọ́ nìyẹn. Bá a bá tètè ṣe é, a ó bó kókó náà kúrò bí ẹní bó èèpo ọsàn, a ó fi ilé ẹyin sílẹ̀ fún un. Òun nìkan ló sì kù fún un, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Bó bá lọ́ kẹ́ ẹ tó dé, mi ò lè ṣèlérí kankan. Ẹ mú un wá lọ́sẹ̀ yìí. Kó má gbé ẹrù wúwo."

Ọ̀gá Àga fi ọwọ́ nu ẹnu. Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè tó bi dókítà.

"Tẹ́ ẹ bá là á, ìgbà wo ló máa padà sẹ́nu iṣẹ́?"

Dókítà dá a lóhùn. "Ó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣé iṣẹ́ lẹ ń rò ni, àbí ara ìyàwó yín?"

"Mo kàn bi yín ni, mà."

Ó jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsìbítù. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ẹ̀rù bà á. Ọkàn ẹ̀ ní kó dìde, kó pe obìnrin náà lórí fóònù, kó ní, "Ju awọ sílẹ̀, máa bọ̀." Ó tiẹ̀ yọ fóònù jáde lápò.

Fóònù náà dún lọ́wọ́ ẹ̀. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì ni.

"Ọ̀gá Àga, ṣé àga wa ò ní já wa kulẹ̀? Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ rí ẹni tó ṣe àga yìí. Wọ́n á ya fọ́tò yín, ẹ̀yin àti òun. Wọ́n máa gbé e kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn."

"Fọ́tò tèmi?"

"Tiyín ni. Ẹ yáa múra."

Ọ̀gá Àga gbé ọwọ́ lọ sójú ẹ̀. Ó fọwọ́ kan kókó náà. Ó ro fọ́tò lára ògiri, ó ro Olójú Mẹ́ta, ó ro ayálégbé ẹnu ọ̀nà. Ó wá sọ fún ara ẹ̀ pé èèyàn méjì ò lè dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Òótọ́ ni. Wọn ò lè jọ dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, ta ló yẹ kó dùbúlẹ̀?

Ó gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú lọ tààrà. "Mo ti lo omi gbígbóná, kò ṣiṣẹ́," ló wí. Irọ́ nìyẹn náà. Wọ́n fún un lọ́jọ́.

Bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó ẹ̀ ti dìde dúró, ó ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ.

"Kí ni wọ́n wí?"

Àyè ṣì wà. Gbogbo ẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ.

"Kò sí nǹkankan," ó ní. "Kókó kékeré kan ni, bí hóró àgbàdo. Á yọ́ fúnra ẹ̀. Wọ́n ní kó o máa lo oògùn ìrora."

Ìyá Tíńtín pariwo. Ó kúnlẹ̀ sáàárín fóòmù, ó dúpẹ́, ó fò dìde, ó gbé ọmọ ẹ̀ sókè. "Tíńtín! O máa ní àbúrò! Ṣé o gbọ́? O máa ní àbúrò!" Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, kò tiẹ̀ mọ ohun tó fa ẹ̀rín.

Ẹ̀rín yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ Ọ̀gá Àga. Báwo ló ṣe fẹ́ wá sọ pé irọ́ ni lẹ́yìn ìgbà yẹn? Irọ́ rọrùn láti pa, àtigbà á padà ló nira.

Nọ́ńbà fóònù ọkọ ni ìyàwó kọ sílẹ̀ lọ́sìbítù, torí tiẹ̀ ti bà jẹ́. Nọ́ọ̀sì wá ń pè. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà ń béèrè ìyàwó yín."

"À ń bọ̀, mà."

"Ta nìyẹn?" ìyàwó béèrè lórí máṣíìnì.

"Máníjà."

Nọ́ọ̀sì tún pè. Ó tún di máníjà. Nígbà tó yá, kò gbé e mọ́, fóònù á máa dún nínú àpò ẹ̀ bí ẹ̀rí ọkàn, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa.

Wọ́n la kókó ojú ẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú, wọ́n fi irin kékeré kan di ìpéǹpéjú mú, wọ́n là á láti inú, wọ́n gbọ́n ọ̀rá ibẹ̀ dànù, wọ́n fi oògùn sí i, wọ́n fi òwú bò ó. Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń gé irun. Wọ́n ní kó má fara kan eruku fóòmù fún ìgbà díẹ̀.

Ó gbé ìyẹn dé ilé bí òfin. Ó jókòó, ìyàwó ń gé, ń rán, ń fa awọ, ń gbé igi. Àwọn èèyàn ń wọlé wá kí i kú ewu. Òun o! Òun ni wọ́n ń kí.

Bó ṣe di ọjọ́ ìjà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí nìyẹn.

Nínú ariwo náà ni onígbàjámọ̀ wọlé. "Ẹ ti fẹ́ wó ògiri wa. Ọ̀gá Àga, ṣé ayálégbé ti kó jáde?" Ó wá rí obìnrin náà, ẹ̀fẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀. "Ìyá Tíńtín, kí ló ṣe yín? Ojú yín ti yí padà."

"Ẹ bá mi bi í," obìnrin náà ní.

"Ọ̀gá, ẹ gbé obìnrin yìí lọ sọ́sìbítù."

"Ìgbà wo lo di dókítà? Lọ gé irun."

"Irun ni mò ń gé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lójú. Méjèèjì ló sì ń ríran."

Ọ̀gá Àga yíjú sí ìyàwó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ mi. Kù díẹ̀ ká parí. Bá a bá ti to àga wọ̀nyí sí òtẹ́ẹ̀lì tán, èmi fúnra mi máa mú ẹ lọ. Mo ti sọ ọ́."

Obìnrin náà wò ó. Ó gbà á gbọ́. Ọkọ ẹ̀ ni. Ó gbé sísọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n ti ṣí òwú kúrò lójú ọkọ, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń to àga sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá Tíńtín gbé ìjókòó kan mọ́ra, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ. Ó dúró ní ìdajì ọ̀nà. Ìjókòó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan, ohùn náà ò dà bí tiẹ̀ mọ́, ó sì ká kò sórí àtẹ̀gùn, ó ń bì.

"Kápẹ́ẹ̀tì o!" máníjà ké. "Ẹ má jẹ́ kó bì sórí kápẹ́ẹ̀tì mi!"

"Orí ẹ dàrú ni?" òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan bú u. "Èèyàn ń kú lọ, o ní kápẹ́ẹ̀tì!"

Wọ́n gbé obìnrin náà lé orí àga gígùn kan tóun fúnra ẹ̀ rán, wọ́n fi gbé e jáde lọ sínú ọkọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba aláìsàn pàjáwìrì, wọ́n ti ń ti Ìyá Tíńtín wọlé lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ti sáré dé, gèlè lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ń bi ọkọ ní ọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Òjijì ni, mà. Ọ̀sán yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò ṣe é rí."

Ẹnìkan dúró lẹ́yìn ẹ̀. "Ẹ tún un sọ."

Ó yíjú. Dókítà obìnrin yẹn ni.

"Mo ní òjijì ni, mà."

"Mo mọ ohùn yìí." Dókítà sún mọ́ ọn, ó wo ojú ẹ̀ tó ti jọ̀lọ̀. "Ẹ̀yin lẹ fi hánkáṣífù bojú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jókòó síwájú mi, ẹ ní ohun tí mo bá sọ fún yín, ìyàwó yín ni mo sọ fún."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Dókítà," ẹ̀gbọ́n ìyàwó dá sí i, "kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó mú un wá kíákíá fún iṣẹ́ abẹ. Mo ní kókó tó wà níbẹ̀ ti tóbi, ó lè lọ́ nígbàkigbà. Mo ní kó má gbé ẹrù. A pè, a pè. Ó ní wọ́n ń bọ̀. Nígbà tó yá, kò gbé e mọ́."

"Ọkọ wa?" Ohùn ẹ̀gbọ́n lọ sílẹ̀ gan-an. "Ọkọ wa, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ ní irọ́ ni."

Ọ̀gá Àga ń wo ilẹ̀. "Iṣẹ́ ló... mo fẹ́ ká parí iṣẹ́ ná..."

Ohùn kékeré kan jáde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti gbàgbé pé ó ń gbọ́ wọn.

"Hóró àgbàdo," ni Ìyá Tíńtín wí.

Wọ́n tì í wọlé.

Ẹ̀gbọ́n ò lù ú. Ì bá dára ká ní ó lù ú. Ó kàn jókòó síwájú ẹ̀, ó ń wo ojú ẹ̀ kínníkínní. "Ó mà jinná dáadáa o," ó ní. "Kò tiẹ̀ ní àpá. Ojú yín dùn ún wò, ọkọ wa."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bú mi."

"Èébú wo? Ṣé èébú ló máa tú ohun tó lọ́?"

Nígbà tí dókítà jáde, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó rẹ̀ ẹ́, inú sì ń bí i. "Ó wà láyé," ló kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Ilé ẹyin yẹn ti lọ́ po mọ́ ọrùn ẹ̀. Nígbà tá a dé ibẹ̀, ó ti dúdú bí aró. A tú u. A fi aṣọ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ bò ó, a dúró, à ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ á padà síbẹ̀. Kò padà. A ní láti yọ ọ́ kúrò."

"Ọ̀kan tó kù?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ọ̀kan tó kù."

Ọkùnrin náà fi orí lélẹ̀ ó ń sunkún. Omijé ń jáde lójú méjèèjì dọ́gbadọ́gba.

Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ lajú, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kó dáríjì òun. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó ní òun rò pé kò ní yára lọ́.

Obìnrin tí kì í pe ọkọ ẹ̀ ní ìwọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ wà, ó wò ó, ó ní, "Ìwọ. Dókítà ní tìẹ ò yára. Tèmi ni wọ́n ní ó yára. O sáré lọ yọ tìẹ."

"Ìyá Tíńtín..."

"Ká ní o sọ fún mi, tí mo bá kọ̀, ẹ̀bi mi ni. O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kọ̀."

Ó kọjú sí ògiri.

Wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì náà. Ẹlòmíràn ló bá wọn parí àga tó kù. Wọ́n ṣì ya fọ́tò náà, torí máníjà ò fẹ́ gbọ́ àwíjàre kankan. Ọ̀gá Àga wà nínú ẹ̀, ojú méjèèjì ń dán, kò sí kókó, kò sí àpá.

Ìyá Tíńtín wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, òun àti ọmọ ẹ̀. Ó ti tún ń rán nǹkan díẹ̀díẹ̀. Kò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n nǹkan oṣù ẹ̀ ti dá, ooru á ṣàdédé mú un láàárín òtútù, á máa fi aṣọ fẹ́ra. Bí Tíńtín bá béèrè pé ìgbà wo ni àbúrò òun ń bọ̀, á ní kó lọ ṣeré níta.

Àwọn kan ní kí n bá ọkùnrin náà kẹ́dùn, pé òun náà pàdánù. N ò lè bá a kẹ́dùn. Èsì ara ẹlòmíràn kì í ṣe ẹran tí èèyàn ń gé fúnni ní ìwọ̀n tó bá wù ú. Ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ ọ̀rọ̀, kó gbé gbogbo ẹ̀ dé ilé, ì báà korò.

Òun ló pa irọ́, òun ló fẹ́ fọ́tò, òun ló kánjú. Ìyàwó ẹ̀ ló fi ara ẹ̀ san án, kò sì sí dókítà tó lè dá a padà fún un.